Ìyàtọ̀ Àdánidá Láàrin Ojú Ọ̀tún àti Ojú Òsì: Bí A Ṣe Ń Wọn Orí Iṣan Ìríran

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì ni ojú ènìyàn, a kì í sábà ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. A máa ń sọ pé 'ojú ń yún mi', 'ojú rẹ̀ ti fọ́', 'ojú rẹ̀ mú', láìsọ bóyá ọ̀tún ni a ní lọ́kàn tàbí òsì. Èdè wa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí ìrísí rẹ̀ padà bí ohun tí à ń dárúkọ bá ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé iwájú oníṣègùn ojú, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé, ojú wo ni? Ojú méjèèjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má sì dọ́gba. Àìdọ́gba náà lè jẹ́ bí a ṣe dá ènìyàn, ó sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ fún àrùn tí ń fọ́ni lójú láìjẹ́ kí ẹni náà fura.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn oníṣègùn ojú ṣe ń wọn apá kan nínú ẹyinjú tí a óò máa pè ní orí iṣan ìríran, bí wọ́n ṣe ń fi ti ọ̀tún wé ti òsì, àti bí wọ́n ṣe ń wádìí bóyá ìyàtọ̀ tí wọ́n rí jẹ́ ti àdánidá tàbí ti àrùn. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, ti fi hàn pé èdè wa tó gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bí a bá fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò kò lè ṣàì mọ ìṣòro tí ó wà nínú ìwọ̀n. Máàkì 52 àti máàkì 55 kò fi dandan túmọ̀ sí pé ọmọ kejì mọ̀wé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa ojú. Ìyàtọ̀ tí a rí kò tíì ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ bí ìyàtọ̀ ti àdánidá ṣe máa ń tó.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ là á yé ara wa ohun tí a ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà 'iṣan' ni ó fẹ́ àkíyèsí jù, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀. A ń lò ó fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, a ń lò ó fún ẹran ara tí ń fà tí ó sì ń súnkì, a sì tún ń lò ó fún okùn tín-ínrín tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Nínú iṣẹ́ yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a óò máa pe ti àkọ́kọ́. Iṣan ìríran ni okùn tí ó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ.

Awọ ìríran ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ẹ̀yìn ẹyinjú láti inú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé bí a bá la ojú. Fọ́nrán ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn okùn kéékèèké tí ó para pọ̀ di iṣan ìríran. Orí iṣan ìríran, tàbí orí iṣan ní kúkúrú, ni ibi tí gbogbo fọ́nrán náà ti pàdé láti jáde kúrò nínú ẹyinjú. Kòtò ni ibi jíjìn tí ó wà ní àárín orí iṣan, tí kò sí fọ́nrán níbẹ̀. Bèbè ni èyí tí ó yí kòtò náà ká, ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán ń gbà kọjá. Ìyàtọ̀ àdánidá ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojú méjèèjì ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

3. Bí orí iṣan ṣe rí

Fọ́nrán tí ó wà nínú iṣan ìríran kan máa ń tó nǹkan bí 1,200,000. Láti gbogbo ìhà awọ ìríran ni wọ́n ti ń bọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jáde kò sì ju òbìrìkìtì kékeré kan lọ. Nígbà tí Jost Jonas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn orí iṣan àwọn ènìyàn tí ojú wọn le ní ìlú Erlangen ní Jámánì, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1988, ìpíndọ́gba tí wọ́n rí jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 1.92 ní òòró àti 1.76 ní ìbú. Ìpíndọ́gba ààyè orí iṣan jẹ́ mìlímítà onígun mẹ́rin 2.69. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù jẹ́ 0.80, èyí tí ó tóbi jù sì jẹ́ 5.54. Ìyẹn ni pé orí iṣan ẹnì kan lè tó ìlọ́po méje ti ẹlòmíràn, kí ojú àwọn méjèèjì sì le.

Kí ni ó ń fa kòtò? Ẹ jẹ́ kí a mú ìdì òwú méjì tí iye okùn wọn dọ́gba, kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ẹnu akèrègbè. Bí ẹnu akèrègbè kìíní bá há, òwú yóò kún un fọ́fọ́, kò ní sí àlàfo. Bí ẹnu akèrègbè kejì bá fẹ̀, tí a sì to òwú yí etí rẹ̀ ká, àlàfo yóò ṣẹ́kù ní àárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orí iṣan rí. Orí iṣan tí ó kéré lè má ní kòtò rárá, èyí tí ó tóbi a sì máa ní kòtò tí ó fẹ̀. Kòtò ńlá kò túmọ̀ sí pé fọ́nrán ti dín kù. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ó fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà tí kòtò fi ń fẹ̀. Nínú àrùn tí a ń pè ní glaucoma, àwọn fọ́nrán ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti ń kú ni bèbè ń rù, tí kòtò sì ń gba ààyè wọn. Omi inú ẹyinjú tí ó ń ti ara ẹyinjú ju bí ó ṣe yẹ lọ wà lára ohun tí ń dá a sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà máa ń mú àwọn kan tí omi ojú wọn kò le jù. Kì í sábà dun ènìyàn. Etí ibi tí à ń wò ni ìríran ti máa ń kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe àárín. Bí ojú kan bá sì ṣáájú èkejì, èyí tí ó le yóò máa bo àṣírí èyí tí ó ń kú. Fọ́nrán tí ó bá ti kú kò ní jí mọ́. Ìtọ́jú lè dá èyí tí ó kù sí nípa dídín agbára omi náà kù, ṣùgbọ́n kò lè mú èyí tí ó ti lọ padà.

4. Ìwọ̀n tí a lè fi rúlà ṣe

Kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì. Ní nǹkan bí 1668, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Edme Mariotte ṣàlàyé pé ibì kan wà nínú ojú ènìyàn tí kò ríran rárá. Ibẹ̀ ni orí iṣan, nítorí pé fọ́nrán nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra.

Kí olùkọ́ lẹ pépà funfun mọ́ ògiri ní déédéé ojú rẹ̀, kí ó ya àgbélébùú kékeré sí apá òsì pépà náà, kí ó sì jókòó ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí ògiri. Kí ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí ó tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àgbélébùú, kí ó má sì yẹ ojú kúrò níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fa ẹnu bírò pupa láti ara àgbélébùú lọ sí apá ọ̀tún ní tààrà. Nígbà tí ẹnu bírò bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7, yóò pòórá. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, yóò tún yọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí ibi méjèèjì, kí ó sì fi rúlà wọn àárín wọn. Bí a bá fẹ́ wọn ojú òsì, apá ọ̀tún pépà ni a óò ya àgbélébùú sí, apá òsì ni a óò sì fa bírò lọ.

Kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun méjì ni a óò rí. Èkíní ni pé ìwọ̀n mẹ́ta tí a rí fún ojú ọ̀tún nìkan lè má bá ara wọn mu. Èkejì ni pé ìpíndọ́gba ti ọ̀tún lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Kí a tó lè sọ pé ojú ọ̀tún yàtọ̀ sí ojú òsì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ojú ọ̀tún ṣe yàtọ̀ sí ara rẹ̀ nínú ìgbà mẹ́ta tí a wọ̀n ọ́n. A fẹ́ kí ó yé olùkọ́ pé ìdánrawò yìí kò lè fi àrùn hàn. Ohun tí ó ń kọ́ni ni ibi tí orí iṣan wà àti ọgbọ́n tí ó wà nínú ìwọ̀n.

5. Bí àwọn oníṣègùn ṣe ń wọ̀n ọ́n

Kí ó tó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sí ẹni tí ó lè wo ẹ̀yìn ẹyinjú alààyè dáadáa. Hermann von Helmholtz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kéde ẹ̀rọ ìwonú-ojú ní 1851. Ẹ̀rọ yìí ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ọmọlójú wọlé, ó sì ń jẹ́ kí oníṣègùn rí ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bá níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwòrán ọwọ́ ni a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀: kòtò ńlá, kòtò kékeré, kòtò tí kò tóbi tí kò kéré.

Mansour Armaly jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí ó sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1967, ó lo ìwọ̀n kòtò sí orí iṣan, ó sì fi hàn pé ìwọ̀n yìí jẹ́ ohun tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Bí a ṣe ń rí i kò le. A óò wọn òòró kòtò, a óò wọn òòró orí iṣan, a óò sì fi ti orí iṣan pín ti kòtò. Bí kòtò bá jẹ́ ìdajì orí iṣan, ìwọ̀n náà jẹ́ 0.5. Bí kò bá sí kòtò, 0 ni.

Nígbà tí fọ́tò dé, ìṣòro mìíràn dìde. Ẹyinjú kan lè gùn ju èkejì lọ. Bí a bá sì fi kámẹ́rà kan náà ya orí iṣan méjì tí ó dọ́gba, èyí tí ó wà nínú ẹyinjú tí ó gùn yóò hàn bí ẹni pé ó kéré. Ní 1982, Littmann tẹ ìlànà ìṣirò kan jáde ní Jámánì tí a fi lè ti ara fọ́tò mọ bí ohun tí ó wà nínú ojú ṣe tóbi tó gan-an. Ẹni tí kò bá ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun rí ìyàtọ̀ láàrin orí iṣan ọ̀tún àti ti òsì, nígbà tí ó jẹ́ pé gígùn ẹyinjú ni ó yàtọ̀.

Ní 1991, Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ẹ̀rọ OCT ní Amẹ́ríkà. Ìmọ́lẹ̀ tí kò léwu ni ẹ̀rọ yìí ń rán sí awọ ìríran. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá padà, ẹ̀rọ yóò fi wé ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí kò wọ inú ojú, yóò sì ti ibẹ̀ mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Nípa báyìí, a lè wọn bí ìpele àwọn fọ́nrán tí ó yí orí iṣan ká ṣe nípọn tó. Micron ni a fi ń kà á, 1000 micron sì ni ó wà nínú mìlímítà kan. Lára àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ le, ìpíndọ́gba rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 90 sí 100 micron.

6. Orísun mẹ́ta tí ìyàtọ̀ ti ń wá

Bí a bá wọn ojú méjèèjì tí èsì wọn kò sì bá ara mu, orísun mẹ́ta ni ìyàtọ̀ náà lè ti wá.

Èkíní ni ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ní 1976, Paul Lichter ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi bí àwọn ògbóǹkangí ṣe ń ṣe ìdájọ́ orí iṣan hàn. Ó kó fọ́tò kan náà fún wọn, èrò wọn kò sì ṣọ̀kan. Olùyẹ̀wéwò kò ní ya ẹnu sí èyí. Bí olùyẹ̀wéwò méjì bá yẹ àròkọ kan náà wò, ó ṣọ̀wọ́n kí máàkì wọn ṣe déédéé. Ìdí nìyí tí a fi ń pàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí a ń fi ìwé díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, tí olórí olùyẹ̀wéwò sì ń tún àwọn kan yẹ̀ wò. Bí máàkì olùyẹ̀wéwò kan bá lè fi 5 yí sókè tàbí sódò lórí ìwé kan náà, kò tọ́ kí a fi máàkì 3 ṣe ìyàtọ̀ láàrin ọmọ méjì.

Èkejì ni ìyàtọ̀ àdánidá. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ojú pẹ̀lú kì í dọ́gba tán. Orí iṣan ọ̀tún lè tóbi díẹ̀ ju ti òsì lọ láti inú oyún wá, kí kòtò rẹ̀ sì tóbi tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta ni àrùn. Ohun tí ó mú kí àfiwé ọ̀tún àti òsì wúlò nìyí: glaucoma kì í sábà bá ojú méjèèjì jà lọ́gbọọgba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú kejì ẹni náà sì ni òṣùwọ̀n tí ó sún mọ́ ọn jù. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, òbí kan náà ni ó bí wọn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé. Òṣùwọ̀n tí a mú wá láti ìlú mìíràn kò ní gbogbo èyí. Nínú ìwádìí tí a ṣe ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, tí Varma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1994, orí iṣan àwọn ènìyàn dúdú tóbi ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ ní ìpíndọ́gba. Bí oníṣègùn bá mú nọ́ńbà tí a rí ní Erlangen, tí ó fi ṣe ìdájọ́ gbogbo ènìyàn dúdú láìwo bí orí iṣan wọn ṣe tóbi tó, yóò pe ọ̀pọ̀ tí ojú wọn le ní aláìsàn.

7. Àpẹẹrẹ méjì

Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé ènìyàn méjì wá sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí a sì gbà pé òbìrìkìtì gidi ni orí iṣan àti kòtò wọn kí ìṣirò lè rọrùn. A óò pe wọ́n ní Àjàní àti Àlàbí.

Òòró orí iṣan ojú ọ̀tún Àjàní jẹ́ mìlímítà 1.7, kòtò rẹ̀ sì jẹ́ 0.7. Ìwọ̀n kòtò sí orí iṣan jẹ́ 0.41. Ní ojú òsì, orí iṣan jẹ́ 2.0, kòtò jẹ́ 1.24, ìwọ̀n náà sì jẹ́ 0.62. Ìyàtọ̀ láàrin ojú méjèèjì jẹ́ 0.21.

Orí iṣan Àlàbí jẹ́ 1.8 ní ọ̀tún àti ní òsì. Kòtò ọ̀tún jẹ́ 0.7, ti òsì jẹ́ 1.1. Ìwọ̀n kòtò sí orí iṣan jẹ́ 0.39 ní ọ̀tún àti 0.61 ní òsì. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.22.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ yìí nìkan ni a wò, ọ̀rọ̀ Àjàní àti ti Àlàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wá ààyè bèbè, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé inú bèbè ni fọ́nrán wà. A óò yọ ààyè kòtò kúrò nínú ààyè orí iṣan. Ní ojú ọ̀tún Àjàní, 2.27 dín 0.38 jẹ́ 1.89. Ní ojú òsì rẹ̀, 3.14 dín 1.21 jẹ́ 1.93. Bèbè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Ní ti Àlàbí, 2.54 dín 0.38 jẹ́ 2.16 ní ọ̀tún. Ní òsì, 2.54 dín 0.95 jẹ́ 1.59. Ẹnu ọ̀nà dọ́gba, síbẹ̀ bèbè òsì fi ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ti ọ̀tún kéré sí i. Ó yẹ kí a yẹ ojú òsì Àlàbí wò síwájú sí i láìfi falẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé kí a kọ́kọ́ wọn orí iṣan kí a tó wọn kòtò. Ẹni tí ó bá fi kòtò wé kòtò láìwo orí iṣan dà bí ẹni tí ó fi máàkì 30 wé máàkì 40 láìbéèrè pé nínú mélòó.

8. Níbo ni ààlà wà?

Ó kù kí a béèrè bí ìyàtọ̀ àdánidá ṣe máa ń tó. Àwọn olùwádìí wọn ojú àwọn ará agbègbè Blue Mountains ní ìwọ̀-oòrùn Sydney ní Ọsirélíà, Ong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999. Lára àwọn tí ojú wọn le, nǹkan bí 6 nínú 100 ni ìyàtọ̀ ìwọ̀n kòtò sí orí iṣan wọn tó 0.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 1 nínú 100 ni ó sì tó 0.3. Lára àwọn tí ó ní glaucoma, 24 nínú 100 ni tiwọn tó 0.2, 10 nínú 100 ni ó sì tó 0.3.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe ìṣirò kan. Ìwádìí gbogbogbòò lórí ìfọ́jú tí a ṣe ní Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ní glaucoma. Ká ní a kó 1000 irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ, tí 50 nínú wọn ní àrùn náà, tí 950 kò sì ní in. Ká sì tún gbà pé ìyàtọ̀ ojú wọn rí bí ti àwọn ará Blue Mountains. Nínú àwọn 50 náà, 12 ni ìyàtọ̀ wọn yóò tó 0.2. Nínú àwọn 950, 57 ni tiwọn yóò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ 69, ojú 57 nínú wọn ni ó sì le! Bí a bá tún wò ó láti apá kejì, 38 nínú àwọn 50 tí àrùn wà lára wọn ni a kò ní rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn rárá.

Ìdí nìyí tí kò fi sí oníṣègùn gidi tí yóò fi ìyàtọ̀ kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Nínú ìlànà tí Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002 fún ìwádìí glaucoma láàrin ìlú, kì í ṣe nọ́ńbà kan náà ni a ní kí gbogbo ilẹ̀ máa lò. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n wọn àwọn tí ojú wọn le ní àdúgbò náà, kí wọ́n tò wọ́n láti orí èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré jù dé orí èyí tí ó pọ̀ jù, kí wọ́n sì fi ààlà sí ibi tí 975 nínú 1000 bá dé. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà yìí, a gbọ́dọ̀ tún wádìí bóyá apá kan ti sọnù nínú ibi tí ó ń rí, kí a tó pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní glaucoma lójú ìlànà yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe wá ààlà fún ẹ̀rọ OCT. Iṣẹ́ tí Mwanza, Durbin àti Budenz ṣe lórí àwọn tí ojú wọn le, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, fi hàn pé bí ìpíndọ́gba ìnípọn ìpele fọ́nrán ojú kan bá fi ohun tí ó ju nǹkan bí 9 micron lọ yàtọ̀ sí ti èkejì, ìyàtọ̀ náà ti kúrò nínú èyí tí a sábà ń rí lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Mìlímítà kan pín sí 1000, a mú 9 nínú rẹ̀. Báyìí ni ohun tí à ń wá ṣe kéré tó, tí ó fi yẹ kí a mọ̀ dájú pé kì í ṣe ọwọ́ olùwọ̀n tàbí ẹ̀rọ ni ó ti wá.

Ohun kan ṣì wà tí ó lágbára ju gbogbo àfiwé wọ̀nyí lọ. Òun náà ni pé kí a fi ojú kan wé ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Ìyàtọ̀ àdánidá kì í sábà yí padà, ibi tí a fi í sí ni a óò bá a. Ìyàtọ̀ ti àrùn ni ó ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, fọ́tò tàbí èsì àyẹ̀wò tí a bá ti ní lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí a ń sọ nù. Ẹni tí ìyàtọ̀ 0.21 ti wà lójú rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá láìyẹ̀ yóò lè fi ìwé rẹ̀ hàn oníṣègùn tuntun, wọn kò sì ní máa fún un ní oògùn àrùn tí kò ní.

9. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé orí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì kì í dọ́gba tán, pé bí ẹnu ọ̀nà àwọn fọ́nrán ṣe fẹ̀ tó ni ó ń pinnu bí kòtò ṣe máa ń tóbi tó lójú tí ó le, àti pé ìyàtọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì. Ẹni tí yóò sọ pé ìyàtọ̀ kan jẹ́ ti àrùn gbọ́dọ̀ ti mọ bí ọwọ́ olùwọ̀n ṣe ń yẹ̀, bí ìyàtọ̀ àdánidá ṣe ń tó ní àdúgbò náà, àti bí orí iṣan méjèèjì ṣe tóbi tó.

Ní ti iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, irú ọ̀rọ̀ yìí dára fún àyọkà tí a fi ń dán òye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin 'jọra', 'dọ́gba' àti 'jẹ́ ọ̀kan náà', àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú àròkọ alálàyé. Ojú méjì ẹnì kan jọra. Bèbè ojú méjèèjì Àjàní fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, orí iṣan rẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè sọ gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí kí ó sì mọ ìdí rẹ̀ ti mọ èdè, ó sì ti mọ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti ara wa, púpọ̀ nínú wa ni ó ti kọjá ogójì ọdún, ìwé kíkà àti ìwé yíyẹ̀wò sì ni iṣẹ́ wa. Bí a bá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, kí a má ṣe gbà pé kí ó wo ojú kan péré nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ó ń yọ wá lẹ́nu. Kí a bi í bí orí iṣan ọ̀tún ṣe tóbi tó, bí ti òsì ṣe tóbi tó, àti bí kòtò ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kí a sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ títí di ìgbà tí a óò tún lọ.